Ètò líńfù nínú ara ènìyàn

Ètò líńfù ni àpapọ̀ àwọn òpó, kókó àti ẹ̀yà ara tó ń kó omi tó jò jáde nínú ẹ̀jẹ̀ jọ, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀, tó sì ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ nítòsí ọkàn. Omi yìí gan-an ni à ń pè ní líńfù. Ètò yìí kan náà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá oúnjẹ kúrò nínú ìfun, òun sì ni ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ti ń pàdé. Bó bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó ń rántí pé ó wà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú tí kò rọlẹ̀, tàbí tí kókó bá yọ sí ọrùn tàbí abíyá, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń délẹ̀.

Àwọn òpó

Ẹ̀jẹ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀: ọkàn ló ń tì í jáde, ọ̀dọ̀ ọkàn ló sì ń padà sí. Ti líńfù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀, láti ọwọ́, ẹsẹ̀, orí àti ikùn wá sí àyà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ni àwọn òpó tó kéré jù, tí ìdí wọn dí pa, tí wọ́n tàn káàkiri abẹ́ awọ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà inú. Sẹ́ẹ̀lì ìpele kan péré ni ògiri wọn, etí ọ̀kan sì gun orí etí èkejì. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín so sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí mọ́ ẹran tó yí wọn ká. Bí omi bá pọ̀ nínú ẹran náà tó sì wú díẹ̀, fọ́nrán á fa sẹ́ẹ̀lì, etí wọn á ṣí, omi á wọlé. Bí inú òpó bá kún, etí á pàdé, omi ò sì ní lè padà síbi tó ti wá. Àlàfo tó ń ṣí yìí gba purotéènì ńlá, ó gba kòkòrò àrùn, kódà ó gba odindi sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń bá kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òpó kéékèèké ń dà sínú àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ, tí wọ́n ní ilẹ̀kùn nínú. Láàárín ilẹ̀kùn kan sí èkejì, iṣan wà lára ògiri òpó tó ń sún kì fúnra rẹ̀ léraléra, tó ń ti líńfù síwájú. Ìrìn ẹsẹ̀, mímí sínú àti síta, àti lílù òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí náà ń ràn án lọ́wọ́. Abájọ tí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fi máa ń wú, tó sì máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tó bá ti rìn díẹ̀.

Lópin ọ̀nà, òpó ńlá méjì ló kù. Èyí tó tóbi jù, òpó àyà, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 38 sí 45. Láti inú ikùn ló ti ń gun ẹ̀yìn bọ̀ lẹ́bàá egungun ẹ̀yìn, tó sì ń já sí ìsàlẹ̀ ọrùn lápá òsì, níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ apá òsì àti ti orí ti pàdé. Òun ló ń gba líńfù ẹsẹ̀ méjèèjì, ikùn, apá òsì, àti ìdajì òsì àyà àti orí. Èyí tó wà lápá ọ̀tún kúrú gan-an. Ìdajì ọ̀tún orí àti àyà pẹ̀lú apá ọ̀tún nìkan ló ń bójú tó.

Báwo ni omi tó ń gba ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Lórí ìbéèrè yìí, ohùn àwọn onímọ̀ kò tíì ṣọ̀kan. Àlàyé tó ti wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ tipẹ́ fìdí múlẹ̀ lórí iṣẹ́ Ernest Starling, onímọ̀ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ní 1896. Gẹ́gẹ́ bí ìwé wọ̀nyí ti wí, nǹkan bíi lítà 20 ń jò jáde nínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lójúmọ́, òpó ẹ̀jẹ̀ kan náà ń fa bíi lítà 17 padà, lítà 3 tó ṣẹ́ kù ló ń di líńfù. Ní 2010, Rodney Levick àti Charles Michel tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò. Wọ́n ní nínú ọ̀pọ̀ ẹran ara, òpó ẹ̀jẹ̀ kì í fa omi padà fún ìgbà pípẹ́, àti pé ọ̀nà líńfù ni ọ̀pọ̀ jù lọ omi náà ń gbà padà. Wọ́n yọ àwọn ibì kan sọ́tọ̀: kíndìnrín, ara ìfun, àti inú kókó líńfù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa òpó ẹ̀jẹ̀ ti fara mọ́ èrò yìí, àmọ́ iye lítà tó ń kọjá lójúmọ́ ṣòro láti wọ̀n lára ènìyàn, nítorí pé apá kan omi náà ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ nínú kókó kó tó dé òpó àyà. Ohun tí ìhà méjèèjì gbà ni pé purotéènì tó bá ti jáde kò ní ọ̀nà àbọ̀ mìíràn tó tó ti líńfù. Bí ọ̀nà yìí bá dí, purotéènì á jókòó sínú ẹran, á máa fa omi mọ́ra, ibẹ̀ á sì wú.

Kókó àti àwọn ẹ̀yà mìíràn

Nǹkan bíi 600 kókó líńfù ló wà lára ènìyàn. Wọ́n rí bí ẹ̀wà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Wọ́n pọ̀ jù ní ọrùn, abíyá, ibi tí itan ti so mọ́ ikùn, àyà, àti àyíká ìfun. Òpó púpọ̀ ń gbé líńfù wọ inú kókó kan, ọ̀kan tàbí méjì ló ń gbé e jáde. Bó ti ń kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ ìdọ̀tí ń mú ohun àjèjì nínú rẹ̀.

Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á mú ègé kòkòrò àrùn ibẹ̀, wọ́n á gba òpó líńfù gòkè lọ sí kókó itan. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fi í han àwọn sẹ́ẹ̀lì T, irú kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara. Èyí tó bá dá a mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, á sì ran àwọn sẹ́ẹ̀lì B lọ́wọ́ láti pèsè ohun ìjà tó bá kòkòrò yẹn mu. Pípọ̀ yìí ló ń mú kí kókó wú, kó sì máa dun ni. James Gowans ló fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1950 ní Oxford pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kì í jókòó sójú kan: wọ́n ń ti inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú kókó, wọ́n sì ń gba òpó àyà padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọlọ inú ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí kókó ti ń yẹ líńfù wò. Mùdùnmúdùn inú egungun ni orísun àwọn sẹ́ẹ̀lì náà; nínú táímọ́ọ̀sì, lókè àyà, ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń gbó. Tọ́ńsìlì àti àwọn ìkójọ sẹ́ẹ̀lì tó wà lára ìfun ń ṣọ́ ọ̀nà oúnjẹ.

Ọ̀rá oúnjẹ

Ṣúgà àti purotéènì tí a jẹ ń ti ìfun gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rá kì í gba ibẹ̀, inú òpó líńfù ìfun ló ń wọ̀, tí líńfù ibẹ̀ á sì funfun bíi mílíìkì lẹ́yìn oúnjẹ. Fítámì A, D, E àti K ń bá a rìn, títí kan fítámì A tí ara ń rí nínú epo pupa.

Ìtàn ìwádìí rẹ̀

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1622, ní Milan, Gaspare Aselli la inú ajá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ó rí àwọn ìlà funfun lára awọ tó so ìfun ró, ó sì kọ́kọ́ rò pé iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n. Nígbà tó gé ọ̀kan, omi funfun tú jáde. Ajá tí kò tíì jẹun ni ó là lẹ́yìn náà, kò sì rí ìlà wọ̀nyẹn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1627, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Jean Pecquet ará Faransé tọ omi náà dé òpó àyà ní 1651. Láàárín ọdún méjì sí i, Olaus Rudbeck ní Sweden àti Thomas Bartholin ní Denmark ti ṣàpèjúwe òpó líńfù káàkiri ara, wọ́n sì bá ara wọn du ẹni tó kọ́kọ́ rí i.

Ní 1787, Paolo Mascagni ará Ítálì tẹ ìwé ńlá tó ní àwòrán àwọn òpó náà jáde, ó sì ní wọ́n wà lára awọ tó bo ọpọlọ. Wọn kò gbà á gbọ́. Ní 2015 ni ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Virginia àti òmíràn ní Helsinki fi hàn, lára eku, pé òpó líńfù wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àrùn

Àwọn dókítà máa ń yẹ kókó abíyá wò lára obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú láti mọ ibi tí àrùn dé. Bí wọ́n bá kó ọ̀pọ̀ kókó kúrò, apá náà ń wú lára bí ẹnì kan nínú ẹni márùn-ún. Èyí ló mú kí wọ́n máa yọ kókó tí líńfù ọmú ń kọ́kọ́ dé nìkan wò níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Àrùn tó tíì ba ètò yìí jẹ́ jù lọ láyé ni jàbùtẹ̀. Aràn ló ń fà á; èyí tí wọ́n ń pè ní Wuchereria bancrofti ló wà nídìí nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ní ìgbèríko Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ó sì jẹ́ irú ẹ̀fọn kan náà tó ń gbé àìsàn ibà (malaria). Aràn tó dàgbà ń gbé inú òpó líńfù fún bí ọdún 6 sí 8. Òpó á fẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní lè padé mọ́, líńfù á dúró sójú kan. Kòkòrò àrùn á gba ojú ìka ẹsẹ̀ tó là wọlé, ibà á dé, ẹsẹ̀ á gbóná, á tún wú sí i. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ léraléra ni awọ ń ki. Lára ọkùnrin, ó máa ń fa ìpá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ẹni tó ní jàbùtẹ̀ tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni, èyí sì ń lé aláìsàn jìnnà sí ilé ìwòsàn. Oògùn ivermectin àti albendazole, tí wọ́n ń pín fún gbogbo ìlú lọ́dọọdún, ń pa ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn ìbá gbé lọ. Ọ̀nà yìí ni Togo gbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 2017 pé àrùn náà kì í ṣe ìṣòro ìlera gbogbogbòò níbẹ̀ mọ́, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe é ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Bràsíl, tí àrùn náà ti pẹ́ jù ní agbègbè Recife, dé ibẹ̀ ní 2024. Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ru ẹrù náà jù.

Oògùn kì í tún òpó tó ti bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ abẹ ń wo ìpá sàn. Ní ti ẹsẹ̀, kí a máa fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí a nu àárín ìka gbẹ, kí a fi ìpara sójú tó là, kí a gbé ẹsẹ̀ sókè nígbà ìsinmi, kí a sì máa yí ọrùn ẹsẹ̀ káàkiri. Ìtọ́jú yìí ń dín ibà náà kù púpọ̀, ẹni tó bá sì tẹra mọ́ ọn lè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.