Asọ̀rọ̀-má-gbèsì Ti Ń Gbèsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi ní ọdún 2004 pé ọjọ́ ń bọ̀ tí n ó jókòó ti tábìlì láti kọ ọ̀rọ̀ rere nípa géèmù, ǹ bá ní kí ó lọ bọ́jú rẹ̀ dáadáa. Tíṣà ni mí nígbà náà, pàṣán mi kì í sì í jìnnà sí mi. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá títì láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, pákó ni wọ́n fi kàn án, páànù ni wọ́n fi bò ó, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan sì ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì, mo ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, mo bá mẹ́sàn-án nínú wọn lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Mo já páàdì gbà lọ́wọ́ èyí tí ó wà níwájú. Ohun tí ọmọ náà sọ kò kúrò létí mi títí di òní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ìṣẹ́jú méjì!"

Kò bẹ̀ mí pé kí n má na òun o. Ìṣẹ́jú méjì ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì gba ọ̀nà ibẹ̀ rí, Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Wọ́n súnmọ́ra débi pé àjèjì inú mọ́tò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, ìlú Ẹ̀rìnlẹ̀. Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n. Ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn ni Ìlobùú wà, Orolú sì ni ti Ìfọ́n. Ìlobùú ni ilé bàbá mi, Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé ìyá mi wá. Nítorí náà, bí àwọn méjèèjì bá ń jà sí ààlà ilẹ̀, tí ìjà ọ̀hún sì ti pẹ́, èmi ò ní ẹ̀gbẹ́ kankan tí mo lè sá sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ sọ, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1935, ìjọba Òyìnbó ta wáyà láti ilé dé ilé ní Èkó, kí àwọn ènìyàn lè máa gbọ́ ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù nínú àpótí kan tí a gbé kọ́ ara ògiri. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún un. Nígbà tí ó yá, ó dé Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Bàbá mi ń ránṣọ ní Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n sọ fún mi pé kókó kan péré ni ó wà lára rẹ̀, èyí tí a fi ń gbé ohùn sókè tàbí tí a fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ láti orísun wáyà ni ìwọ yóò gbọ́. Kò sí pé o fẹ́ gbọ́ ibòmíràn. Àwọn àgbà wa wo nǹkan yìí títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí mo gbà pé kò sí Òyìnbó tí ó lè sọ ọ́ dára tó bẹ́ẹ̀: asọ̀rọ̀-má-gbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Bí ó bá bú ọ, o kò lè bú u padà.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, ti Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. A ti wá ń rí ojú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èsì náà kò tíì sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojú fèrèsé bàbá kan tí ó rí jájẹ ní Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n. A tó ogún ọmọ tí a rọ̀ mọ́ fèrèsé yẹn. Bí inú bàbá náà bá dùn, wọn á ká kọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ fún wa. Bí inú wọn ò bá dùn, wọn á pa fèrèsé dé, a ó sì máa fi etí gbọ́ ọ bíi rédíò.

Ẹ fi èyí wé ayò ọlọ́pọ́n. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjì ni ó ń ta á, ṣùgbọ́n mélòó ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Gbogbo ìdí igi ni. Ọ̀ta ayò á máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, òpè á máa fún un lésì, òǹwòran tí kò lè ta á á máa kọ́ àwọn tí ó lè ta á. Eré tí ó ń gba èsì ni ayò. Láti 1935 títí di ìgbà tí irun fi ń hu sí mi lágbọ̀n, ẹ̀rọ kan kò wọ ilé wa tí ó ṣe irú èyí.

Géèmù ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Mi ò tètè rí i bẹ́ẹ̀, pàṣán kò jẹ́ kí n rí i. Ẹ̀rọ Famicom tí ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní Jàpáànù ní 1983 ni ó sọ irú eré yìí di ti inú ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbàáyé. PlayStation ti Sony tẹ̀lé e ní ìparí 1994, PlayStation kejì sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2000. Èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ tiwa, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ta ni yóò ra tuntun? Ẹni tí ó bá ní ẹyọ kan, tí ó ní tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá kan àti jẹnẹrétọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní "Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ", òwò dé nìyẹn. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún, ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san án, yóò sì dìde fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń dìde nídìí ayò.

Bọ́ọ̀lù Winning Eleven ti ilé-iṣẹ́ Konami ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nítorí pé Konami kò gbàṣẹ lọ́wọ́ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n a máa yí orúkọ wọn po: Roberto Carlos di Larcos. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú eré náà tí ìyá kankan kò bí, bíi Castolo àti Minanda, àwọn ọmọ wa sì mọ̀ wọ́n ju àwọn kọmíṣọ́nà wọn lọ. Káàdì kékeré kan tí agbára rẹ̀ kò ju 8MB lọ ni wọ́n fi ń tọ́jú ibi tí wọ́n bá eré dé. Mo rí ọmọkùnrin kan tí ó so tirẹ̀ mọ́ ọrùn bíi tírà.

Gbogbo ìlú ni ó ní ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n wàásù rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wàásù rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹnu àwọn méjèèjì sì kò lórí èyí bí kò ti ṣe rí lórí ohun púpọ̀. Àwọn ìyá ní ó ń sọ ọmọ di olè. N kò ní parọ́, mo mọ ọmọ kan tí ó fi owó ata ìyá rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo na án pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ kan náà yìí ni ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tí a ń nu ojú dígí tí ó fi ń ka sídíì, nígbà tí eruku títì wa bá dí i. Fóònù ni ó ń tún ṣe jẹun lónìí. Èmi ni mo ń gbé tèmi lọ fún un, kì í sì í gbowó lọ́wọ́ mi. Ojú a máa tì mí díẹ̀.

Ohun tí ó yí mi lọ́kàn padà ju èyí lọ ni bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbà tí mo ka àwọn mẹ́sàn-án tí mo kó ní ọjọ́ kìíní, mẹ́rin jẹ́ ọmọ Ìfọ́n, márùn-ún jẹ́ ọmọ Ìlobùú. Wọ́n fara ti ara wọn bí ìṣẹ́po àgbàdo. Kò sẹ́ni tí ó bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ilẹ̀ ta ni ṣọ́ọ̀bù náà wà.

Ọ̀nà mìíràn ni íntánẹ́ẹ̀tì gbà wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọn yóò yọ, títí Glo fi dé ní 2003 tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ agboòrùn ni púpọ̀ nínú wa ti ń pe fóònù. Ẹni tí ó bá fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì á lọ sí káfíì ní Òṣogbo, á sanwó àṣemọ́jú, á sì padà sílé ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ìta gbangba náà ni gbogbo rẹ̀ wà, bíi fèrèsé bàbá ìjọ́sí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, wàláà alátẹ́lẹwọ́ tí ó kún fún ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò, wọ́n sì ní ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀, ìyẹn 150,000, ni àwọn fẹ́ pín fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gíríámà àgbà. Orúkọ rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ó rán mi létí ọpọ́n Ifá, ó sì rán mi létí ọpọ́n ayò. Ṣùgbọ́n wọn ò so ó pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ má baà fi rìn kiri. Asọ̀rọ̀-má-gbèsì mìíràn nìyẹn, bí ẹ bá bi mí. Iṣẹ́ rere ni, síbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń wá ọ̀nà bí wọn yóò ṣe ti géèmù bọ inú rẹ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì tí ó wọ inú yàrá gan-an, ìlú ńlá ni ó kọ́kọ́ dé. Smile bẹ̀rẹ̀ 4G ní Ìbàdàn ní 2013. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Starlink tí ó ń gba ojú ọ̀run dé Nàìjíríà kí ó tó dé orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, a sì rí àwo funfun lórí ilé àwọn tí ọwọ́ wọn tó o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé owó oṣù yóò kúrò ní náírà 38,000 bọ́ sí 75,000. Àjọ NCC ní wọn ò gbàṣẹ. Ẹ rántí pé ní oṣù keje ọdún kan náà ni Ààrẹ fọwọ́ sí 70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù. Owó tí a fẹ́ fi wo fóònù ti ju owó tí a fi ń bọ́ ilé! Àwọn tí ó gbọ́n ládùúgbò mi dá a pọ̀, ilé mẹ́ta lórí àwo kan. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí bàbá wọn àgbà ṣe nídìí àpótí ara ògiri ni wọ́n ń ṣe.

Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù géèmù ọjọ́sí kò lè pariwo mọ́. Olówó ṣọ́ọ̀bù ta àwọn ẹ̀rọ náà, ó sì fi bẹ́ǹṣì dáná. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ní fóònù tirẹ̀, oníkálukú wà nínú yàrá rẹ̀. Èmi tí mo fi pàṣán lé wọn kúrò níbẹ̀ ni mo wá ń dárò. Ìgbà tí ìjà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ní ọdún 2025, mo wò ó pé àwọn ọmọ tí ń dàgbà báyìí kò tilẹ̀ ní bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n jọ jókòó lé rí.

Ọmọ-ọmọ mi wà ní Ìlobùú lákòókò náà, èmi wà ní Òṣogbo, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo pè é ní alẹ́. Ó ní àlàáfíà ni àwọn wà, àwọn ti ti ilẹ̀kùn, pé bọ́ọ̀lù ni òun ń gbá lórí fóònù.

"Ìwọ àti ta ni?"

Ó dárúkọ ọmọ kan. Mo mọ ilé wọn, Ìfọ́n ni, kò jìnnà sí ilé ìyá mi. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà.

Mo jókòó. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó: láti fóònù ọmọ yìí dé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti òpó dé Èkó, láti Èkó gba inú wáyà abẹ́ òkun lọ sí ibi tí ẹ̀rọ tí ó ń ṣètò irú eré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà lókè òkun, kí ó tún padà gba ọ̀nà kan náà wá sí Ìfọ́n. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Lójú títì, sójà àti ọlọ́pàá ni ó wà.

Mo ní, "Ṣé ẹ máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Bàbá, ó ń bú mi látàárọ̀! Ó ní òpè ni mí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi dátà ránṣẹ́, ó ku ìṣẹ́jú méjì."

Mo fi ránṣẹ́.