Ireland: Orúkọ Tí Aládùúgbò Kọ̀ Láti Pè

Nígbà tí a pàdé kẹ́yìn ní Dublin níhìn-ín, àríyànjiyàn kékeré kan bẹ́ sílẹ̀ lórí àdírẹ́sì tí a fẹ́ kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà kan tí ó ń lọ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan ní Republic of Ireland ni kí a kọ. Òmíràn ní Southern Ireland ni àwọn ẹbí òun ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pè é. Ẹnì kẹta ní ṣebí Éire ni ó wà lára owó ẹyọ àti sítáǹbù. Ni ìyá kan bá fa pásípọ́ọ̀tù ọmọ rẹ̀ yọ nínú báàgì. Lẹ́yìn orúkọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, orúkọ méjì péré ni ó wà lára èèpo rẹ̀: Éire àti Ireland. Kò sí Republic, kò sí Southern.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ orílẹ̀-èdè yìí lórúkọ, ilé ìjà ni.

Éire ni orúkọ náà ní èdè Gaeilge, èdè àwọn onílẹ̀. Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn, Ériu ni obìnrin abàmì kan tí ó ní kí wọ́n fi orúkọ òun pe erékùṣù náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi land, ìyẹn ilẹ̀, kún un, ó sì di Ireland. Orúkọ kan náà ni méjèèjì, èdè ni ó yàtọ̀, gbogbo erékùṣù náà ni ó sì ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ní 1920, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó pín erékùṣù náà sí méjì. Àgbègbè 6 ní Àríwá dúró ti Gẹ̀ẹ́sì. Àgbègbè 26 yòókù di Irish Free State ní oṣù Kejìlá 1922. Nígbà tí ó di 1937, Éamon de Valera gbé ìwé òfin ilẹ̀ tuntun kalẹ̀, àwọn ará ìlú dìbò fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù Kejìlá ọdún náà. Abala 4 nínú rẹ̀ ni ó sọ pé Éire ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà, pé Ireland sì ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Abala 2 sì ní gbogbo erékùṣù ni ilẹ̀ wọn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pín agbo ilé baba, tí ẹni tí ó gba yàrá 26 nínú 32 wá kọ orúkọ gbogbo agbo ilé sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ pe orúkọ náà. Bí wọ́n bá pè é ní Ireland, yóò jọ pé wọ́n ti gbà pé Àríwá jẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n mú orúkọ ti Gaeilge, wọ́n sì ń lò ó nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 1938, Eire ni wọ́n kọ, láìsí àmì orí. Àwa tí a ń sọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ọkọ́ kì í ṣe ọkọ, ọ̀kọ̀ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ní èdè Gaeilge, eire tí kò ní àmì túmọ̀ sí ẹrù. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà yóò rí i pé ẹrù ni aládùúgbò ń pe òun. (Àwa tí wọ́n ti bọ́ àmì lórí orúkọ wa ní gbogbo ọ́fíìsì tí a dé, a mọ bí ó ti ń rí lára.)

Ní 1948, ìjọba John Costello ṣe òfin pé kí a máa ṣàpèjúwe orílẹ̀-èdè náà gẹ́gẹ́ bí Republic of Ireland. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 18 oṣù Kẹrin 1949. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: àpèjúwe ni, kì í ṣe orúkọ. Bí a bá ní Àyàn jẹ́ onílù, onílù kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Wọn kò lè yí orúkọ padà láìjẹ́ pé gbogbo ìlú dìbò sí i. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí àpèjúwe yìí, wọ́n sì fi ṣe orúkọ nínú òfin tiwọn ní 1949 kan náà. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, òun ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn títí di òní, nítorí Àríwá ní ikọ̀ tirẹ̀. Ní ti rugby, ikọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo erékùṣù ní, Ireland ni wọ́n sì ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé nígbà tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1985, ẹ̀dà méjì ni wọ́n tẹ̀: èyí tí ó wà lọ́wọ́ Dublin ní Ìjọba Ireland, èyí tí ó wà lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní Ìjọba Republic of Ireland. Ní 1989, Adájọ́ Brian Walsh ti ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé bí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè bá fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ pé kí a mú ẹnì kan wá fún àwọn, tí wọn kò sì pe orílẹ̀-èdè yìí ní orúkọ rẹ̀, kí a dá ìwé náà padà títí wọn yóò fi tún un kọ.

Àdéhùn 10 oṣù Kẹrin 1998 ni ó tán an. Ireland yọ ọwọ́ lórí ilẹ̀ Àríwá, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà láti pè é ní Ireland. Abala 2 yí padà: dípò ilẹ̀, ènìyàn ni ó ń sọ nípa rẹ̀, pé ẹni tí a bá bí sí erékùṣù náà ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ ara orílẹ̀-èdè náà. Abala 4 kò yí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an nìyí. Ní oṣù Kẹfà 2004, wọ́n tún dìbò, wọ́n sì dín ẹ̀tọ́ náà kù. Ọmọ tí a bí ní Dublin láti 1 oṣù Kìíní 2005, tí òbí rẹ̀ kò sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ náà mọ́ àfi bí òbí rẹ̀ bá ti gbé níhìn-ín fún ọdún 3 nínú 4 tí ó ṣáájú. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí oṣù díẹ̀ péré nínú kàlẹ́ńdà yà sọ́tọ̀, tí ọ̀kan ní pásípọ́ọ̀tù yẹn, tí èkejì ní láti dúró. Ìyá tí ó fa ti ọmọ rẹ̀ yọ lọ́jọ́ náà, ti àkọ́bí ni.

Lẹ́tà náà ti lọ sí Ìbàdàn. Ireland ni a kọ sí i.