Àṣìṣe inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àtúnṣe rẹ̀

Àṣìṣe inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé òótọ́ ni, tí ìwádìí wá fi hàn lẹ́yìn náà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń hàn nígbà tí ẹlòmíràn bá tún iṣẹ́ náà ṣe tí èsì wọn ò bára mu, tàbí nígbà tí irinṣẹ́ tó dáa ju ti àtijọ́ bá dé. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ lè tẹ àtúnṣe rẹ̀ tàbí kó fagi lé e.

Iye kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tíńtín tó ń gbé àbùdá, inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Lọ́dún 1923, Theophilus Painter ní Texas, ní Amẹ́ríkà, kéde pé 48 ni. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọ ọ́ lọ́dún 1921 pé 46 lòun rí níbi tó hàn kedere jù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 48. Ní Lund, ní Sweden, àwọn olùwádìí kan tilẹ̀ dá iṣẹ́ dúró torí pé wọn ò rí 48 pé. 46 ni wọ́n ń kà ṣáá. Ó ṣeni láàánú pé ẹni tó kà á bó ṣe tọ́ ló rò pé iṣẹ́ òun ló mẹ́hẹ.

Ohun tó mú kíkà wọn ṣòro ni pé kúrómósómù máa ń ṣùjọ, tí ọ̀kan á gun èkejì. Omi oníyọ̀ tí wọ́n ṣì pò nílé iṣẹ́ ìwádìí T. C. Hsu, ní Texas, ló tú u ká: nígbà tí iyọ̀ omi náà ò tó, sẹ́ẹ̀lì wú, ohun inú rẹ̀ sì tàn kálẹ̀. Síbẹ̀, 48 náà ni Hsu kọ lọ́dún 1952! Ní Lund kan náà, Joe Hin Tjio àti Albert Levan lo irú omi yìí fún sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró ọlẹ̀, pẹ̀lú colchicine, oògùn tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró níbi tó ti ń pín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sórí gíláàsì. Ní December 1955, 46 ni wọ́n rí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1956. Lọ́dún yẹn náà, Charles Ford àti John Hamerton rí iye kan náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú sẹ́ẹ̀lì kóró ẹpọ̀n. Nígbà tí Jérôme Lejeune àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí 47 lára àwọn ọmọ tó ní àrùn Down lọ́dún 1959, wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan ló lé. Ká ní 48 ṣì ni, wọn ìbá ní ọ̀kan ló dín.

Àtúnṣe mìíràn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìwádìí OPERA nílé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ítálì sọ pé àwọn neutrino, ohun tíntìntín tó kéré ju átọ̀mù lọ, tó ti Geneva wá, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, fi nǹkan bíi nanosecond 60 ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ wọn síta kí àwọn ẹlòmíràn lè bá wọn wá àṣìṣe rẹ̀. Lọ́dún 2012, wọ́n kéde pé wáyà kan tó ń gbé aago GPS wọlé kò wọ ibi tó yẹ dáadáa. Àwọn onímọ̀ ìwádìí mìíràn, ICARUS, tó wà nínú ilé iṣẹ́ ìwádìí kan náà, wọn tiwọn, neutrino kò sì yá ju ìmọ́lẹ̀ lọ.