Disque Dur Olówó Pọ́ọ́kú àti Ìwé Ọ̀pẹ Pobè



Lọ́dún 1922 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Igi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka ìdì ẹyìn rẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ọdún dé ọdún, kí wọ́n tó mọ èyí tí wọn yóò fi ṣe irúgbìn. Nígbà tí àwọn ibùdó mélòó kan ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀ irúgbìn lọ́dún 1946, Pobè wà nínú wọn. Láìsí ìwé àkọsílẹ̀, kóró lásán ni ì bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ìwé àti mairie ń kó sínú serveur lónìí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún àwọn yòókù: máàkì ọmọ, orúkọ, ọjọ́ ìbí. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ní Sakété ni pé, disque dur wo ni agbára wa ká?

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 1956 ni IBM gbé RAMAC jáde. Abọ́ irin àádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ lẹ́tà bíi mílíọ̀nù márùn-ún péré ló gbà, owó tí wọ́n fi ń yá a sì jẹ́ 3,200 dọ́là lóṣooṣù. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ ààbò, disque ńlá olówó gọbọi ló ń rà. Lọ́dún 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ní yunifásítì Berkeley, ní kí á kó disque kékeré ti kọ̀ǹpútà ilé jọ, kí wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, kí èyí tó ṣẹ́kù lè dá ohun tó wà nínú èyí tó bá kú padà. Wọ́n pè é ní RAID. Lẹ́tà I inú rẹ̀, "olówó pọ́ọ́kú" ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń tà á ló yí i sí "olómìnira". Ta ló fẹ́ pe ọjà ara rẹ̀ ní pọ́ọ́kú?

Lọ́dún 2011, omíyalé bo àwọn ilé-iṣẹ́ disque ní Thailand, owó disque fò sókè. Backblaze, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì, rí i pé disque tí à ń fi okùn USB so kò wọ́n tó èyí tí à ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n rán òṣìṣẹ́, ọ̀rẹ́ àti ẹbí lọ sí ìsọ̀ káàkiri, wọ́n rà wọ́n, wọ́n tú ike wọn, wọ́n sì fi disque inú wọn ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ojú kò gbọdọ̀ tì wá láti ra ohun pọ́ọ́kú. Àmọ́ RAID kì í ṣe ẹ̀dà, ojú wa sì ti rí i. Ilé-ìwé kan lọ́dọ̀ wa ní disque méjì tí ọ̀kan ń ṣe bí èkejì ti ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan ṣèèṣì pa máàkì odidi kíláàsì kan rẹ́. Disque méjèèjì gbọ́ràn, wọ́n pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un kọ láti inú ìwé àwọn olùkọ́, àwọn òbí sì ń dúró de bulletin lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí serveur ṣiṣẹ́ tààrà lórí disque tó wà lẹ́nu okùn USB. Bí okùn bá yẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé, àkọsílẹ̀ lè bàjẹ́. Disque méjì inú ló ń ṣiṣẹ́, onduleur wà lábẹ́ wọn nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Disque USB méjì pọ́ọ́kú ló ń gba ẹ̀dà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan á gun ọ̀kadà láti Sakété lọ sílé ẹlẹgbẹ́ wa kan ní Pobè, èkejì á padà wá. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù a máa ń ṣí ẹ̀dà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, a ó mú orúkọ ọmọ márùn-ún, a ó fi máàkì wọn wé ti inú ìwé. Lóṣù tó kọjá, mẹ́rin bára mu. Ẹ̀karùn-ún, olùkọ́ ló ṣì í kọ.