Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo: Ogún Tí Èèwọ̀ Pa Mọ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ kì í rántí igbó Ọ̀ṣun àfi nígbà ọdún, nínú oṣù kẹjọ.

Ìtàn sọ pé ọ̀dá omi ló mú kí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn kúrò ní Ìpólé wá sí etí odò Ọ̀ṣun. Láti ìgbà náà ni èèwọ̀ ti wà: a kì í gé igi, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja níbẹ̀. Èèwọ̀ yìí ló dá igi ńlá, ọ̀bọ àti ewé oògùn sí fún wa.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ibẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo dìde gbà á sílẹ̀. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ọgbà kì í dá omi dúró. Àwọn tó ń wa góòlù ní apá òkè odò ti ba omi náà jẹ́. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Omi tí àwọn baba ńlá wá dé ibẹ̀ ni a wá ń sá fún!

Ẹ̀yin ará, bí a bá lọ sílé, ẹ jẹ́ kí a fi igbó náà han àwọn ọmọ wa, kí a sì bá àwọn ọba àti aṣòfin wa sọ ọ̀rọ̀ odò náà. Igbó tó bá pa run kò ṣeé rà lọ́jà.