Owó Onírin Tí Òkè Òkun Rọ fún Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ owó onírin ṣe rí gan-an nìyẹn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni ó ń ná owó náà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń rọ ọ́, òkè òkun náà sì ni èrè rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ.

Kí owó onírin tó dé, owó ẹyọ ni àwọn Yorùbá ń ná. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Láti erékùṣù Maldives ni àwọn oníṣòwò ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ìdajì, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó ẹyọ fi wálẹ̀.

Ní ìparí ọ̀rúndún náà, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ fàdákà gbòde. Ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń rọ wọ́n, báńkì tí a dá sílẹ̀ ní 1894, Bank of British West Africa, ni ó sì ń kó wọn wọlé. Fàdákà tí ó wà nínú ṣílè kan kò tó ṣílè kan. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni èrè arọwó. Àpò ìjọba Britain ni èrè yìí ń wọ̀, ìjọba Èkó àti ti Gold Coast kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912, kí èrè náà lè máa padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ìhín. Síbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ìgbìmọ̀ náà ń jókòó sí. Owó tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1913. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, idẹ ni wọ́n fi rọ ṣílè láti 1920.

Owó wẹ́wẹ́ ni ó kan aráa ọjà jù lọ. Ní 1904, ìjọba fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni odidi kọ́bọ̀ sì ti pọ̀ jù fún ẹni tí ó fẹ́ ra ata díẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi rọ onínì ní 1907, mẹ́wàá rẹ̀ sì jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Wọ́n dá ihò sí i láàárín, kí ó lè ṣeé sín sókùn bí owó ẹyọ. Alumíníọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ lò kò tọ́jọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Nígbà tí ó di 1908, wọ́n fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ilé ìrọwó ọba nìkan. Owó tí a bá rí lẹ́tà H lára rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni ó rọ ọ́. Èyí tí ó bá ní KN, ti King's Norton ni. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rọ kọ́bọ̀, ẹ̀pìnnì àti onínì tí orúkọ Ọba Edward Kẹjọ wà lára wọn. Nítorí ihò àárín, orúkọ nìkan ni wọ́n kọ, wọn kò ya orí ọba. Ọba náà fi adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kí owó tirẹ̀ tó jáde fún aráa Britain láti ná. Báyìí ni àwọn ìyálọ́jà ìhín ṣe ná owó tí aráa Lọ́ńdọ̀nù kò ná.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1959, owó Nàìjíríà rọ́pò ti ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé ìrọwó ọba náà ni ó rọ ọ́, orí Ọbabìnrin Elizabeth sì wà lára tọ́rọ́, sísì àti ṣílè. Ní 1963 ni Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún títẹ owó àti rírọ owó. Nígbà tí náírà dé ní 1973, orúkọ tí àwọn ènìyàn ti ń pe pẹ́nì, èyí tí wọ́n yí láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbà, ni ìjọba fún owó kékeré: kọ́bọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Birmingham náà ti kógbá wọlé ní 2003. Ní 2024, ilé ìrọwó ọba, tí ó ti kó lọ sí Llantrisant ní Wales, kéde pé òun yóò ṣíwọ́ rírọ owó fún orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún gbogbo ìlú tí ó gbẹ́kẹ̀ lé alágbẹ̀dẹ ẹlòmíràn: ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.