Ìjánu Tí Ń Jẹ Ara Rẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ ni wọ́n pè é, bí ẹni pé orí omi ló ń rìn. Wọ́n fún un ní ẹsẹ̀. Ohun tí ń dá a dúró ni wọ́n sì pè ní ìjánu. Orúkọ yìí bá a mu, a sì ń lò ó nínú ìwé títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bíréèkì ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ronú sí i ni ó ń hàn sí mi pé èrò tí orúkọ náà gbé wá wà lára ohun tí ń pa wá lójú títì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo àwọn Ọ̀yọ́. Apá òkè, lọ́dọ̀ àwọn Haúsá àti Núpé, ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, ẹṣin wọ̀nyí sì ni agbára ogun wọn gbára lé nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú ògo rẹ̀. Irin tí a fi sí ẹṣin lẹ́nu, tí a so okùn awọ mọ́, ni ìjánu. Bí ẹni tí ń gun ẹṣin bá fà á, ẹnu ẹṣin ló ń dùn ún, ìrora yẹn ló sì ń dá a dúró. Irin náà kì í dín kù lójú ẹni. Baba lè lò ó kí ọmọ gbà á lò. Bí okùn bá já, a óò pààrọ̀ okùn. Bí ó bá tilẹ̀ wá burú tán, ṣebí àwọn àgbà ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni.

Ìjánu ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jíjẹ ni í jẹ ara rẹ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, àwo irin kan wà tí ó ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní díìsìkì. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, páàdì méjì yóò fún àwo yìí láàárín, bí ìgbà tí a bá fi ìka méjì fún nǹkan. Eré tí ọkọ̀ ń sá yóò di ooru, ooru yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ lára páàdì àti díẹ̀ lára irin yóò sì di eruku. Eruku dúdú tí a ń nù kúrò lára rímù, ara ìjánu ni.

Frederick Lanchester, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe mọ́tò ní Birmingham, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìjánu aláwo ní ọdún 1902. Páàdì bàbà ni ó lò, ariwo rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Ní ọdún kan náà ni Louis Renault ti ilẹ̀ Faransé gbé ìjánu onílù tirẹ̀ jáde, èyí tí a mọ̀ sí dúrọ́ọ̀mù, ìlù yìí ló sì borí fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ìgbà tí ọkọ̀ Jaguar fi ìjánu aláwo gbégbá orókè nínú eré ìje Le Mans ní ọdún 1953 ni ojú ayé là sí i.

Ìlù ni àwa kọ́kọ́ bá pàdé. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní ọdún 1906, títí di ayé bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn káfíńtà wa ń kan ilé igi lé orí irin Bedford àti Austin, inú ìlù ni ìjánu fara pa mọ́ sí, kò sì sí ẹni tí ń rí i bí ó ti ń jẹ. Ohun tí a ń rí ni ọmọ ọkọ̀ tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ègé igi ńlá lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń rọ́ padà lórí òkè, yóò bẹ́ sílẹ̀, yóò ki igi náà bọ abẹ́ táyà. Lójú tèmi, lẹ́yìn Ògún, igi yẹn ni ìjánu tí àwọn èrò gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kaduna. 504 di ọkọ̀ ọ̀gá, ó di ọkọ̀ ìjọba, ó sì di ọkọ̀ èrò. Àwo ni ìjánu iwájú rẹ̀: ẹni tí ó bá yọ táyà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń dá a dúró. Ó yẹ kí rírí yìí yí ìwà wa padà, ṣùgbọ́n owó kò jẹ́. Ní ọdún 1985, náírà ṣì ń bá dọ́là dọ́gba ní báǹkì; lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 ó ń já bọ̀, nígbà tí ó fi di 1993, nǹkan bí náírà 22 ni dọ́là kan. Díìsìkì tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ oṣù ń wò lókèèrè. Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a gbé wá sílé, di orúkọ ọkọ̀ àlòkù, ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù sì tẹ̀lé e dé.

Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń fá irin ti rí iṣẹ́ ṣe. Wọn óò de díìsìkì mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí, wọn óò fá a títí yóò fi dán. N kò bú wọn, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Bí irin bá ṣì nípọn, fífá lè wo ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n lórí ìjánu sàn. Ṣùgbọ́n olùṣe díìsìkì a máa tẹ ìwọ̀n kan sára irin náà, èyí tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù lọ. Ọ̀pọ̀ díìsìkì iwájú tí ó nípọn tó mílímítà 22 ní tuntun, 20 ni òpin rẹ̀. Mílímítà méjì péré ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀! Bí a bá fá a kọjá ibẹ̀, irin tí yóò gba ooru kò tó mọ́; bí ọkọ̀ bá sì gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, páàdì yóò gbóná débi pé kò ní mú mọ́, àwo náà sì lè là. Nígbà mìíràn, gbígbọ̀n náà kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀bi irin: ìdí tí a gbé àwo lé ló dóògún tí kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n ti fún nọ́ọ̀tì táyà ní àfúnjù lápá kan.

Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ lè yẹ ìwé àti iná wò lójú ọ̀nà. Ta ni yóò yọ táyà wò?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n lórí ìjánu. Mẹkáníìkì mi fi ọwọ́ pa etí díìsìkì, ó ní, “Bàbá, ó ṣì ń mú. Ẹ jẹ́ kí á lọ fá a.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó nu ìdí irin náà kí á ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: 20 ni. A yá irin ìwọ̀n lọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò tó 19. Ẹnìkan ti fá a rí kí ọkọ̀ náà tó di tèmi. A ra tuntun méjì ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, pẹ̀lú páàdì tuntun, nítorí pé apá ọ̀tún àti òsì ni a ń pààrọ̀ pọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fọ òróró ara wọn dànù, ó ha ìdí wọn mọ́, ó dè wọ́n.

Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti kó àwọn àlòkù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi àkísà nù wọ́n. Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ lọ́la tí kò lówó tuntun. Mo kó méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ mi, mo gbé wọn lọ sílé.